Electrical, 2:2, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní Agbára: kí n gbà á àbí kí n máa wá nǹkan míì?

Àbẹ̀kẹ́_EEE
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ gbóná jù. Electrical ni mo kà, ìwé ọdún márùn-ún tí kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 jọ fà gùn, 2:2 (second class lower) ni mo bá jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n gbé mi lọ ní Ọ̀ṣun, físíìsì àti máàtì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, n ò fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ní báyìí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹlẹ́rìndòdò ní Agbára pè mí, àmọ́ kì í ṣe àwọn gan-an ló fẹ́ gbà mí o, àjẹ́ńsì tó ń bá wọn kó òṣìṣẹ́ ni. Orúkọ tí wọ́n pe iṣẹ́ náà ni "technical operator", ṣíìfù ni, ọ̀sẹ̀ kan ojúmọmọ ọ̀sẹ̀ kejì òru, owó rẹ̀ ò ju 130k lọ, kọ́ńtíráàtì ọdún kan. Ìyànà Ìpájà ni mò ń gbé. Màmá mi ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n àwọn tó mọ ọ̀gá kan ní báǹkì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ kóòdù. Ọ̀gá tí mo ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ ìgbà tí mo wà nílé ìwé) lọ́dọ̀ ẹ̀, tó ń ṣe sólà, náà ní kí n máa bọ̀, iṣẹ́ tá a bá rí ṣe la máa pín owó ẹ̀. Kálukú ń sọ̀rọ̀ bíi pé tiẹ̀ nìkan ló dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, èwo ni kí n dì mú?

Kọ́lá_Drive
Gba iṣẹ́ Agbára yẹn. Wò ó, ohun tí 2:2 máa ń ṣe fún èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ epo ńlá àti àwọn tó ń gba graduate trainee máa ń já a níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́ọ̀mù, kọ̀ǹpútà ló ń yà á, kò sẹ́ni tó máa rí orúkọ ẹ débi tó máa mọ̀ pé o gbọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá ti lo ọdún méjì mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń bi í ní 2:1 (second class upper) mọ́, wọ́n á bi í pé drive (ẹ̀rọ tó ń darí bí motor ṣe ń yí) tó ń kọ overcurrent (iná tó pọ̀ jù) ní gbogbo ìgbà tí conveyor (bẹ́lìtì tó ń gbé ìgò lọ) bá fẹ́ gbéra, kí lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó o bá lè dá wọn lóhùn, o ti wọlé nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ ohun mímu dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò, èyí tó ń rọ nǹkan sínú ẹ̀, èyí tó ń dé e, èyí tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì, compressor, boiler, ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Sensor lórí sensor. Lóru tí àwọn ẹnjiníà àgbà bá ti lọ sílé, tí line bá dúró, ẹ̀yin díẹ̀ tẹ́ ẹ wà ní ṣíìfù lẹ máa wá ìdí ẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ iṣẹ́. Ra ìwé kékeré kan, gbogbo fault tó bá ṣẹlẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó fà á àti ohun tí wọ́n fi tún un ṣe. Tó o bá délé, gbé TIA Portal ti Siemens, tí wọ́n fi ń kọ ètò fún PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́), sórí kọ̀ǹpútà, ó ní èyí tí wọ́n fi ń dánrawò fún ọjọ́ 21, PLCSIM tó wà pẹ̀lú ẹ̀ ń ṣe bíi PLC gidi, o ò nílò láti ra nǹkan kan. Ẹni tó mọ PLC tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ka drawing kì í pẹ́ nílé láti Agbára dé Ọ̀tà dé Ṣágámù.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa fi ṣe ìkìlọ̀: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ tí wọn ò tíì pa iná ẹ̀, tí wọn ò sì tíì fi àgádágodo ti ibi tí wọ́n ti ń tan iná náà. Bó ti wù kí wọ́n máa kánjú tó.

Ẹnu_Òtítọ́
Bọ̀dá Kọ́lá ẹ ò tíì sọ gbogbo ẹ̀ fún un o. Operator kì í ṣe maintenance. Operator ni ẹni tó ń tẹ start tó ń tẹ stop tó ń gbé ìgò tó ṣubú dìde, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ó máa pe àwọn maintenance ni, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ ọmọ Mechanical tó ṣe é títí, ọdọọdún ni wọ́n ń tún kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ṣe, ọdọọdún ni wọ́n ń ní àwọn máa sọ ọ́ di staff, àjẹ́ńsì ń gba tiwọn lórí ẹ̀, òun ń gba èérún. Àti pé láti Ìyànà Ìpájà sí Agbára, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, Ìgàndó, Ìyànà Ìbà, kó o tó wá bọ́ sí ojú ọ̀nà Badagry, ṣé lára 130k náà lówó ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ á ti jáde? Tí kò bá sí bọ́ọ̀sì staff, kó má wulẹ̀ yọjú síbẹ̀.

Kọ́lá_Drive
@Ẹnu_Òtítọ́ ìyẹn bọ́gbọ́n mu o, mi ò bá ẹ jiyàn. Àbẹ̀kẹ́, bi wọ́n léèrè: abẹ́ production lo máa wà àbí abẹ́ engineering? Tó bá jẹ́ production, ṣé autonomous maintenance wà níbẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń jẹ́ kí operator fọ ẹ̀rọ, kó fi gírísì sí i, kó ṣe àwọn àtúnṣe kéékèèké, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn gbà bọ́ sí maintenance. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ni wàá máa tẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Màmá_Ẹnjiníà
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ bíi tìẹ lẹ́nu wò.

Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó ti dárúkọ COREN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, ó sì yẹ kó jẹ́ pé òun lẹ kọ́kọ́ máa dárúkọ. Láti 1970 ni òfin ti gbé wọn kalẹ̀. Tí wọn ò bá tíì kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú òfin o ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pe ara ẹ ní Engr., o ò sì lè fi òǹtẹ̀ lu drawing. Ọmọ tó jáde pẹ̀lú B.Eng tàbí B.Sc tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìrírí ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn ìwé. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ di graduate member ní NSE (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà), wọ́n á kọ ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, wọ́n á ṣe ìdánwò àti intáfíù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lọ sí COREN. Nínú ìròyìn yẹn, ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe la máa ń béèrè. Motor wo lo ṣírò wáyà ẹ̀, kí ló dé tó o fi mú wáyà 16mm² tí o ò mú 10mm², ta ló wò ọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá kọ "mo ń rí sí bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ" fún odidi ọdún mẹ́rin, ó máa làágùn lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà orúkọ tí wọ́n pe iṣẹ́ náà kò dun mi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé ṣé ẹnjiníà tó ti forúkọ sílẹ̀ wà níbẹ̀ tó máa máa fọwọ́ sí logbook (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́) rẹ? Béèrè kó o tó lọ. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ 2:2 yẹn máa gbé ọ lọ́kàn sókè, NSE ò ní bi ọ́. Tó bá wá ká ọ lára, M.Sc lè bò ó mọ́lẹ̀ tó bá yá.

Èyí tó kù fún ìwọ nìkan: lọ bá àwọn APWEN, ẹgbẹ́ àwa obìnrin ẹnjiníà. Ṣíìfù òru fún obìnrin nílé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀: níbo ni wàá ti pààrọ̀ aṣọ, ta ló máa gbé ọ lọ sílé láago mẹ́wàá alẹ́, àwọn ọ̀gá tó ń pe obìnrin sí ọ́fíìsì lóru. Àwọn tó ti là á kọjá máa sọ fún ẹ. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin ò ro ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin mọ́ iṣẹ́ rárá, àfi kó o máa rìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Ní 2024 obìnrin ló jẹ ààrẹ gbogbo NSE, Engr. Margaret Oguntala, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti 1958 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí bẹ́ẹ̀.

HND_Kì_Í_Ṣẹ̀sín
Mà, ẹ bá wa fi kún un pé àwa tá a ṣe HND, technologist ni COREN máa ń kọ wá sí, kì í ṣe engineer. Àwọn kan á máa tan ara wọn jẹ títí wọ́n á fi débẹ̀.

Màmá_Ẹnjiníà
Òótọ́ ni. Àyè technologist wà, ti technician wà, ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ọ̀kan sí èkejì, ìwé ló máa fi kún ìwé.

Sólà_Bódìjà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, ẹ ò rí i pé ibi tí owó wà ni òrùlé? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí wọ́n tún gbé iná Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù) dé 225 naira fún kilowatt kan fún wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnì kan má pè mí pé kí n wá wo ilé òun. Jẹnẹrétọ̀ ti sú àwọn èèyàn.

Àmọ́ àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, má rò pé ẹni tó bá ṣáà ti lè gun àkàbà ló lè ṣe é. Ibi tí ìwé tó o kà ti máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ nìyí. Panel 550W, fóltéèjì ẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì so nǹkan mọ́ ọn máa ń sún mọ́ 50. Oníṣẹ́ tí ò kàwé á to mẹ́ta tẹ̀ léra, 150 nìyẹn, á so ó mọ́ inverter tí ojú MPPT ẹ̀ (ibi tí iná panel ti ń wọlé) ò lè gbà ju fóltéèjì 145 lọ. Ó lè má jó lọ́jọ́ náà o, oòrùn ti pa panel yẹn, ó ti gbóná, fóltéèjì ẹ̀ ti sọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, tí panel tutù, fóltéèjì á gòkè, inverter á jó, oníbàárà á máa fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bú ìyá oníṣẹ́. Ìdajì iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni títún nǹkan tí ẹlòmíì ti bàjẹ́ ṣe. Tàbí wọ́n á ka ẹ̀rọ tó ń fa omi, 1hp, wọ́n á ní 746 watt ni, inverter kékeré á gbé e. Wọ́n gbàgbé pé nígbà tó bá fẹ́ gbéra ó máa fa ìlọ́po ẹ̀ lọ́nà púpọ̀.

Ti owó wá ńkọ́? Oṣù kan wà tí màá kó owó tí àwọn staff báǹkì ò rí, oṣù méjì míì á wà tí n ò ní rí nǹkan kan. Àwọn oníbàárà máa ń jẹ gbèsè, ní pàtàkì mọ̀lẹ́bí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Gba owó bátìrì àti panel pátá kó o tó gbé wọn kúrò ní ọjà, owó iṣẹ́ nìkan ni kó o jẹ́ kí wọ́n kù sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ gba iṣẹ́ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ NEMSA, àwọn ló ń yẹ iṣẹ́ wáyà wò.

Ẹnu_Òtítọ́
@Sólà_Bódìjà ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dá a lóhùn ohun tó bi yín. Ọ̀gá tó ní kó máa bọ̀ yẹn, tí kò ní owó oṣù kankan, ṣé kó lọ ni àbí kó má lọ?

Sólà_Bódìjà
Kó máa lọ ní ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Agbára. Ṣíìfù máa ń ní ọjọ́ ìsinmi láàárín. Kó fi kọ́ṣẹ́, kó má fi jẹun lọ́dún àkọ́kọ́. Owó ilé tí mò ń gbé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbòmíì ni mo fi san án.

Tíṣà_Kóòdù
Èmi Chemical ni mo kà, kóòdù ni mò ń jẹ báyìí. Mi ò ní tan ẹ́. Nígbà tí Andela, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní kóòdù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Èkó ní 2014, wọ́n á kọ́ ẹ, wọ́n á sanwó fún ẹ, wọ́n á wá iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fún ẹ ṣe, ilẹ̀kùn yẹn ti yí padà, wọn kì í kọ́ ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ jù, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ṣe ni àwọn ẹ̀rọ AI ń ṣe báyìí. Tó o bá fẹ́ kọ́ ọ, kọ́ ọ mọ́ Electrical rẹ: Python díẹ̀, SQL (èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá data), kó o lè fa data jáde nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kó o sọ fún wọn pé motor yìí máa tó bàjẹ́. Ẹni tó mọ méjèèjì ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ kó o jókòó sílé ní Ìpájà fi data àti epo jẹnẹrétọ̀ kọ́ JavaScript fún ọdún kan, mi ò gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀ o.

Kọ́lá_Drive
Ẹ ṣé jàre. Ẹni tó lè fa data jáde nínú PLC, a wá irú ẹ̀ tì níbi iṣẹ́ mi.

Dàpọ̀_Dortmund
Kí ló dé tẹ́ni kankan ò tíì sọ Jámánì? Ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni, Master's ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ fún Electrical. Ẹ ò san owó ilé ìwé, owó díẹ̀ fún semester tí ẹ máa fi wọ ọkọ̀ náà ni. Tẹ́ ẹ bá parí, oṣù 18 ni wọ́n fún yín láti fi wá iṣẹ́. Kó máa ṣe ìwé ẹ̀ lọ.

Àǹtí_Stuttgart
Dàpọ̀ rọra o, kì í ṣe ibi gbogbo. Níbi tí mo wà ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, 1,500 euro ni àwa tá a ti Áfíríkà wá ń san ní semester kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì TU München náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù, tiwọn tún pọ̀ ju tiwa lọ. Àti pé èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni owó ìjẹun tí wọ́n ń ní kéèyàn tì pa ní báǹkì kí wọ́n tó fún un ní físà, 11,904 euro fún ọdún kan, ẹ fi naira ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i. Ìyẹn ò tíì kan pé kéèyàn rí ọjọ́ gbà fún físà l'Ékòó.

2:2 náà lè fa wàhálà. Wọ́n máa yí máàkì rẹ sí ti Jámánì, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń fẹ́ 2.5 tàbí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ tiwọn 1.0 ló ga jù, 4.0 ló kéré jù téèyàn fi ń yege. Àwọn kan ò fi bẹ́ẹ̀ le, àwọn Hochschule (ilé ìwé gíga tó gbájú mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́) pàápàá, wọ́n sì máa ń wo ìrírí ilé iṣẹ́. Èmi gan-an, ọdún tí mo lò ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ló jẹ́ kí n rí iṣẹ́ Werkstudent (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́) nígbà tí mo débí, nǹkan tí mo mọ̀ nípa Siemens ni wọ́n bi mí, kì í ṣe GPA. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kó fowó pamọ́, kó bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì láti ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì á gbé e dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ńkọ́?

Dàpọ̀_Dortmund
Òótọ́ ni ti Baden-Württemberg, NRW tiwa lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ tí Dortmund wà, ni mò ń wí. Ti èdè náà mo gbà.

Mr_Deposit
Civil ni mo kà, mo ti pẹ́ ní báǹkì. Ẹ má bú wa o. Tó bá jẹ́ marketing ni wọ́n fẹ́ fi àbúrò yìí sí, target ni, wọ́n á ní kó o mú mílíọ̀nù mélòó kan wá, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lo máa kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà wà nídìí kọ̀ǹpútà (IT), wọ́n wà níbi ATM, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń yáni lówó fún iṣẹ́ iná àti ọ̀nà, torí ẹni tó máa ka drawing ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n màmá ẹnì kan máa ń ṣí nìyẹn, marketing ni wọ́n máa kọ́kọ́ jù ẹ́ sí. Tó o bá wọlé, tó o lo ọdún mẹ́ta, ìpadà sídìí wáyà ò rọrùn. Èmi ò fẹ́ padà, owó oṣù mi ń wọlé lásìkò, mo ń sùn lóru.

Àbẹ̀kẹ́_EEE
Ẹ ṣeun gan-an ni o, mà, sà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo pe àjẹ́ńsì yẹn lánàá. Wọ́n ní abẹ́ production ni, ní filler (ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò), pé autonomous maintenance wà níbẹ̀, pé wọ́n máa ń gbé operator tó bá dáa lọ sí maintenance lẹ́yìn oṣù mẹ́fà (ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́ o). Bọ́ọ̀sì staff wà ní Ìyànà Ìbà. Mo béèrè ẹnjiníà tó ní COREN, ẹni tó gbé fóònù ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti báǹkì, mo ti sọ fún màmá mi pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, inú wọn ò dùn. Intáfíù pẹ̀lú àwọn ará ilé iṣẹ́ gan-an di Wẹ́sìdè.

Kọ́lá_Drive
Ó ti dáa. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdè bi wọ́n pé filler ta ni wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ Krones ló ṣe é, PLC Siemens ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, o lè ti máa kà á lọ láti alẹ́ òní. Ẹnjiníà tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè, òun ni kó o bi ní ti COREN àti ti oṣù mẹ́fà yẹn, má bi àjẹ́ńsì mọ́.

Màmá_Ẹnjiníà
Kí wọ́n kọ ti oṣù mẹ́fà náà sínú ìwé. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé, wo ìdí pẹ́ńṣọ̀n dáadáa: òfin 2014 ní ìwọ á mú ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún wá, àwọn á mú mẹ́wàá. Àjẹ́ńsì púpọ̀ máa ń fò ó.

Àbẹ̀kẹ́_EEE
Mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí pẹ́ńṣọ̀n nínú ẹ̀ rárá. Màá dá a padà sí wọn láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹnu_Òtítọ́
Nígbà tó o bá ń dá a padà, béèrè owó ṣíìfù òru náà. Wọ́n kì í kọ ọ́ tẹ́nì kan ò bá béèrè.